Yàrá Kan fún Sájẹ́ǹtì

Hòtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo pè bi mí bóyá ajá mi jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ra tàbí èyí tó ń gé èèyàn jẹ. Mo ní kò sí nínú méjèèjì, iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn pé obìnrin kan wà lórí fóònù tó fẹ́ mú ọlọ́dẹ tirẹ̀ wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn lórí bóyá ìwọ̀sí nìyẹn sí ilé iṣẹ́ wọn, mo bá gé fóònù.

Èkejì ní àwọn ń gba ajá dáadáa, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé ló máa sùn pẹ̀lú ọlọ́dẹ àwọn. Mo ti ń dúpẹ́ kí ọkùnrin náà tó fi kún un pé ọlọ́dẹ àwọn ń bẹ̀rù ajá, nítorí náà ká so ó síbi tí ọlọ́dẹ ò ti ní rí i. Mo bi í pé kí wá ni ọlọ́dẹ ọ̀hún ń ṣọ́. Ó ní òun náà ti ń rò ó tipẹ́. Ẹ̀kẹta ní kò sí wàhálà rárá, ká sáà ti fún un ní oògùn oorun ká tó dé.

Aránṣọ ni mí. Gbogbo sùúrù tí Ọlọ́run fún mi, ara àwọn oníbàárà ni mò ń ná an tán sí, kì í ṣẹ́kù délé. Nígbà tí mo fi máa pe èyí tó gbẹ̀yìn, mo ti ń dáhùn kí wọ́n tó béèrè: ajá ni, ó tóbi, ó ti dàgbà, kì í bínú, èmi ni mo máa ń bínú.

Kì í ṣe pé ìgbádùn la fẹ́ lọ ṣe o. Ẹsẹ̀ bàbá mi ló lé wa jáde. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin, onígbàjámọ̀, ní ìlú ńlá tí ilé ìwòsàn gidi wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì ti bàjẹ́ débi pé dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe títún ṣe mọ́, gígé ló máa kù. Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, yàrá, ẹ̀jẹ̀, oògùn. Bàbá wá ní àwọn ò lọ. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ gún àwọn lábẹ́rẹ́ oorun, ta ló máa wá ṣọ́ ilẹ̀kùn?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín, kò gbé mi débì kankan. Ọlọ́dẹ ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí gbogbo ayé bá sùn, ojú tiwọn á là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wọlé, ajá lẹ́yìn wọn, wọ́n á gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ ara ìṣó, wọ́n á wo ajá lójú, wọ́n á ní, "Sájẹ́ǹtì, ó kàn ẹ́." Ajá á nà gbalaja sẹ́nu ilẹ̀kùn, Bàbá á sùn. Kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde. Ojú fèrèsé ni èmi àti àbúrò mi ń gbà lọ sílé ìwé, tàwa ti báàgì ìwé. Ó di ìgbà tí Bàbá bá jí, tí wọ́n bá na apá, tí wọ́n ní, "Sájẹ́ǹtì, ó dọwọ́ mi," kí ajá tó dìde lọ mumi. Sájẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀ báyìí kọ́ là ń sọ o. Ìkẹta tó jẹ oyè náà nìyí. Tí ọ̀kan bá kú, èyí tó kàn á gorí oyè, láìsí ayẹyẹ.

Ohun tí mò ń sọ ni pé látìgbà tí bàbá mi ti gbọ́njú, wọn ò tíì dijú sùn rí kí nǹkan má wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, onílé àbúrò mi ò gba ajá, ni Sájẹ́ǹtì bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àbúrò mi ní látìgbà yẹn, orí àga ni Bàbá ń tòògbé sí, wọ́n á kọjú sí ilẹ̀kùn. Àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́, mo ní a máa gbé ajá náà lọ bá wọn.

Sájẹ́ǹtì náà ti yẹ kó fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ń tan iná báyìí, á dìde, á gbọn ara, á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Á fi ẹsẹ̀ iwájú ti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá wà ní títì, á fi sílẹ̀. Èyí tó bá ṣí, á jókòó síwájú rẹ̀, á gbó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, á máa wò ẹ́ títí wàá fi wá tì í. Ó sọ gbogbo ilé wa di ọmọ ìlànà. Oníbàárà mi kan tó ń wọ aṣọ wò lẹ́yìn kọ́tìnnì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ò padà wá gba aṣọ náà títí dòní.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn oníbọ́ọ̀sì, wọ́n ní àfi tá a bá gba ìjókòó fún un. Mo gbà. Wọ́n wá ní ta ló máa jókòó tì í? Mo ní èmi. Wọ́n ní ta ló máa jókòó tì mí? Mo jáde. Ó wá ku mọ́tò ọkọ mi.

Ọkọ mi, Olóṣùwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, láti ilé ìkẹ́rù dé ilé ìkẹ́rù, kó máa yẹ òṣùwọ̀n wọn wò bóyá ó péye. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àlébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kì í parọ́. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju àwa yòókù lọ, iṣẹ́ ló bà á jẹ́. Bí mo bá wọ aṣọ, tí mo ní ṣé kò fún mi jù, á wò mí síwá sẹ́yìn, á sọ iye tí mo fi sanra sí i. Ohun mìíràn ni pé kì í wa mọ́tò bí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀. Ibi tí ẹlòmíràn ń lọ láàárín ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ni tiwa. Ìyẹn ni pé tá a bá gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a gbọ́dọ̀ sùn sọ́nà ká tó dé lọ́jọ́ Rú, kí Ọjọ́bọ̀ tó bá wa.

Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì gbogbo kọ̀, mo gbé téèpù mi, mo lọ bá Sájẹ́ǹtì níbi tó sùn sí. Mo wọn àyà rẹ̀, mo wọn gígùn rẹ̀, mo wọn ọrùn. Ó dúró dáadáa ju ọ̀pọ̀ oníbàárà mi lọ, kò sì fa ikùn sínú. Mo fi aṣọ tí wọ́n fi ń bo àga rán báàgì ńlá kan fún un, mo fi àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó lè máa mí, mo fi tìmùtìmù sí ìsàlẹ̀, mo rán síìpù tó lágbára sí i. Kí n má purọ́, báàgì yẹn dára. Ẹni tó bá rí i á rò pé aṣọ olówó ló wà nínú rẹ̀. Olóṣùwọ̀n wò ó títí, ó wá bi mí pé kí la máa sọ tí wọ́n bá béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun la gbéra. Mo fi gbogbo ọ̀nà kọ́ ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo ní ìwọ sáà ti máa mi orí, èmi ni n ó máa sọ̀rọ̀. Ó mi orí. Lẹ́yìn wa, Sájẹ́ǹtì gbé àgbọ̀n lé èjìká ìjókòó, ó ń wo gbogbo ẹnu ọ̀nà tá a kọjá bí ẹni pé wọ́n máa bi í léèrè wọn.

Hòtẹ́ẹ̀lì tá a kọ́kọ́ yà sí ní gíláàsì níwájú àti òdòdó tí kì í ṣe gidi. Ajá wọ inú báàgì láìjanpata. Mo bá ọmọbìnrin tó wà ní káńtà sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí, ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kí gìrìpá ọkùnrin kan tó dúró létí ilẹ̀kùn bá wa gbé ẹrù. Kí n tó sọ pé rárá, ó ti gbé báàgì. Ó gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó tún gbé e.

"Màmá, kí lẹ dì síbí? Ó mà wúwo o."

"Aṣọ ni," ni mo wí.

Mi ò tíì pa ẹnu dé tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá alákọsílẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kílò mẹ́rìnlélógún. Ajá ni."

Ó ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ká tó kúrò nílé. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi. Nínú báàgì, Sájẹ́ǹtì sín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ilé wa. Èmi àti ọkọ mi, "ìwọ" la ń pe ara wa. Ọjọ́ tí mo bá ti pè é ní "ẹ̀yin," ó mọ̀ pé ilé ti gbóná. A jókòó sínú mọ́tò, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá." Ó gbá sítíárìn mú. Ó ní ọmọ yẹn ló béèrè. Mo ní èmi ló bi, kò bi ẹ̀yin. Ó ní aṣọ ò lè wúwo tó yẹn nínú báàgì tó tó yẹn, ọmọ náà á ti mọ̀ pé a ń purọ́. Mo ní tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ bàbá mi, kí ẹ gbé òṣùwọ̀n yín wá wọn èyí tó kù. Ó ṣáná sí mọ́tò. Ó dùn mí bí mo ṣe sọ ọ́ tán, àmọ́ mi ò kó o padà, torí pé ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tá a rí ilé ìtura kejì, ilé gígùn kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Wọ́n kọ ọ́ sára géètì pé wọn kì í gba ajá, obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó ẹni, àti ẹni tó ń dáná nínú yàrá. Mo ní kí Olóṣùwọ̀n jókòó sínú mọ́tò, kó má bọ́ sílẹ̀ títí n ó fi wá pè é. Èmi fúnra mi ni mo gbé ajá. Ẹni tó ni ilé, obìnrin ẹgbẹ́ mi kan tó so ìdì kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí, ló ṣáájú mi, ó ń ṣàlàyé bí ilé òun ṣe wà létòlétò, kò sóhun tó ń sọnù níbẹ̀. Mò ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ajá léjìká, mò ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń wọ̀ mí lójú, ọrùn mi ti fẹ́ kán. Ó yìn mí pé báàgì mi dára. Mo ní èmi ni mo rán an.

A wọlé, a ti ilẹ̀kùn, mo ṣí síìpù, ajá jáde, ó mumi, ó dùbúlẹ̀. Mo lọ pe ọkọ mi wọlé. Mo yọ bàtà, inú mi dùn débi pé mo tún pè é ní "ìwọ." A ti ro gbogbo nǹkan: oúnjẹ ajá, omi ajá, ohun tá a máa fi nu ilẹ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo la gbàgbé, ìrọ̀lẹ́. Olóṣùwọ̀n ń ṣí ilẹ̀kùn láti lọ gbé omi wá nígbà tí wọ́n tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sájẹ́ǹtì dìde, ó gbọn ara, ó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Mo sáré jáde láìwọ bàtà, àmọ́ mi ò lè pariwo. Mò ń wò ó. Ó ti ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ wò, ó wà ní títì. Ó ti ìkejì wò. Nígbà tó dé èyí tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu. Ó jókòó. Ó gbó ẹ̀ẹ̀kan.

Ọkùnrin kan tó ń ta mátíráàsì káàkiri ló wà nínú ibẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú omi gbígbóná, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀. Òun àti ajá wo ara wọn. Mo ti ń retí igbe. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìyá, ó dà bíi pé ajá yìí ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò."

Kọ́kọ́rọ́ ń ró bọ̀ lókèèrè. Ẹni tó ni ilé yọ, ó béèrè ajá ta nìyẹn. Mo ti la ẹnu láti sọ pé mi ò rí i rí láyé mi. Ọkọ mi, tòun ti ike omi, ní, "Tiwa ni." Lẹ́yìn náà ló fi ìwọ̀n rẹ̀ kún un.

Obìnrin náà ní ká kó ẹrù wa lójú ẹsẹ̀. Mo pe Sájẹ́ǹtì, kò dá mi lóhùn. Mo fà á, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Olóṣùwọ̀n wá ṣàlàyé, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pé ilẹ̀kùn ló ṣí, pé bí wọ́n bá ti tì í, ajá á kúrò. Obìnrin náà ní kò sí ilẹ̀kùn tí kì í tì nílé òun. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ láti ìdí, ó kì í bọ ilẹ̀kùn, ó yí i. Kọ́kọ́rọ́ yí. Ó tún yí i. Ó ń yí lọ ni, bíi ṣíbí nínú tíì, kò gbá nǹkan kan mú.

Onímátíráàsì gbé ẹsẹ̀ jáde nínú omi. Ó ní, "Ẹ sọ fún mi pé ó ń tì."

Ọ̀rọ̀ wá di ti gbogbo ilé. Wọ́n fi àga ti ilẹ̀kùn yẹn látinú, Sájẹ́ǹtì tì í wò, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sún síwájú. Àwọn àlejò ń yọjú níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé e bí ìgbà tí ọ̀gá ilé ìwé bá ń yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò. Kó tó dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti tún jókòó, ó ti tún gbó. Yàrá ìyá arúgbó kan tó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ni, kò tiẹ̀ sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀ mọ́, bébà ni wọ́n ká sí ihò rẹ̀. Màmá yọ bébà náà, wọ́n nà án sí ẹni tó ni ilé.

Ẹni tó ni ilé ní ìyẹn ò kan ajá, ajá gbọ́dọ̀ jáde.

"Tó bá jáde, mo jáde," ni màmá náà wí. "Látìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi."

Mo rí i tí Olóṣùwọ̀n wúkọ́, ó dùn ún. Onímátíráàsì ní òun náà ń jáde, àwọn yòókù sì ti ń wá ẹrù wọn. Obìnrin náà wo ìdì kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì. Ó wá ní ó dáa, ajá lè sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àmọ́ ká má sọ fún ẹnikẹ́ni lóde. Onímátíráàsì fa mátíráàsì tuntun kan jáde, ó tẹ́ ẹ fún un. Èmi ni mi ò sùn dáadáa. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ajá rẹ̀ jù ú lọ máa ń ní nǹkan tó ń rò. Nígbà tá a máa fi gbéra láàárọ̀, káfíńtà ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin náà ń wo ibòmíràn nígbà tó bi mí pé ìgbà wo la tún máa gbabẹ̀ kọjá.

A dé lọ́jọ́ Rú kí oòrùn tó wọ̀. Àbúrò mi ti ń dúró ní géètì ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ò dáa. Ó ní wọ́n ti gba Bàbá sí yàrá, wọ́n ti wọ̀ wọ́n láṣọ, àmọ́ Bàbá ò tíì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní àwọn ń dúró de Sájẹ́ǹtì. Òun wá ti bẹ nọ́ọ̀sì, ó ti bẹ dókítà, ó ti gẹ irun fún ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Irun ajá kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ wọ ọgbà yẹn. Dókítà sì ti ní bí wọn ò bá fọwọ́ sí i láàárọ̀, ẹlòmíràn ló máa wọlé.

Mo dúró sójú títì, ojú mi ń ṣú. Mo ti gbé ajá wá títí dé ẹnu géètì, géètì ló wá ṣẹ́ wa lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi nawọ́ sókè, ó fi fèrèsé Bàbá hàn mí. Bí mo ṣe yíjú láti nu ojú, mo rí i pé ilé kan wà ní òdìkejì títì, alágbàfọ̀ nísàlẹ̀, yàrá kan lókè, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ti Bàbá gẹ́lẹ́. Wọ́n gbé pátákó sí i pé yàrá wà fún àlejò.

Mo ti ń fa báàgì jáde. Mo ti ní ìtàn lẹ́nu, ìtàn náà dùn, aṣọ ìyàwó ló wà nínú rẹ̀. Olóṣùwọ̀n di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

Ó ti rẹ̀ mí débi pé mi ò lè jà. Ó wọlé, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbangba, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ìwọ̀n ajá. Ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní irun rẹ̀ ń re, ó ń hanrun, ó ń só nínú mọ́tò, ó máa ń ti ilẹ̀kùn wò ní ìrọ̀lẹ́ tí á sì gbó tó bá ṣí. Ó sọ ti Bàbá, ó sọ ti ẹsẹ̀, ó sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì tó lé wa. Mo dijú. Alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò gbójú sókè.

"Ṣé ó máa ń gun orí aṣọ?"

"Kì í gun aṣọ," ni ọkọ mi wí. "Ó máa ń gun àga."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ̀ọ̀nù nàró. Ó ní látìgbà tí òun ti ń fọṣọ, kò tíì sí oníbàárà tó fi ibi tí àbàwọ́n wà han òun kó tó gbé aṣọ sílẹ̀, òun náà ló máa ń wá a kiri. Ó já kọ́kọ́rọ́ lára ògiri, ó fún un. A gun àtẹ̀gùn lọ. Ọkọ mi ò wò mí, èmi náà ò sì wò ó.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ṣí fèrèsé. Sájẹ́ǹtì gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e. Lódìkejì, àbúrò mi ti àga Bàbá sún mọ́ fèrèsé tiwọn. Wọ́n ti rù. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè rù tó bẹ́ẹ̀ lórí àga. Wọ́n wo ajá, ajá wò wọ́n, ìrù rẹ̀ ń na ẹsẹ̀ mi. Fóònù dún, ohùn Bàbá ni. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní kí n gbé e sí ajá létí.

"Sájẹ́ǹtì," ni wọ́n wí, "ó kàn ẹ́."

Ajá sọ̀ kalẹ̀ lójú fèrèsé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó lọ nà gbalaja sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wa, ó gbé àgbọ̀n lélẹ̀. Fóònù tún dún lọ́wọ́ mi. Bàbá ní àwọn ò rí i mọ́, níbo ló lọ. Olóṣùwọ̀n gba fóònù.

"Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ẹnì kan nínú yàrá wọn pé kó gbé ìwé wá.

Mo fẹ́ sáré lọ bá wọn kí wọ́n tó gbé wọn wọlé. Mo gbàgbé ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, ó wò mí. Mo gbé ìkejì, ó kùn. Ajá tí mo fi ọwọ́ mi rán báàgì fún! Mo jókòó. Nígbà tó pẹ́, alágbàfọ̀ gbé tíì àti búrẹ́dì wá fún wa, ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn ajá tó dá a lóhùn, ó padà sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí búrẹ́dì náà fi gba ojú fèrèsé wọlé nínú ọ̀rá, lórí ọ̀pá tó fi ń sá aṣọ. Tíì ò lè gun ọ̀pá, ó bẹ̀ wá pé ká má bínú.

Àbúrò mi pè pé wọ́n ṣì wà nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Mo wo fèrèsé òdìkejì, aṣọ fèrèsé nìkan ló ń mì. Gbogbo ariwo ẹnu mi tán. Mo bi ọkọ mi, "Ṣé wọ́n máa jí?"

Lọ́jọ́ yẹn, láàárín gbogbo ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, mo fẹ́ kó purọ́ fún mi.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Sájẹ́ǹtì ò tíì dìde."

A jọ ń wo ajá. Kò sùn. Etí rẹ̀ kan wà lókè.

Nígbà tí fóònù dún, èmi ni mo gbé e, mo rò pé àbúrò mi ni. Ohùn kan tó wúwo, bí ẹni tí wọ́n ki òwú sí lẹ́nu, ní, "Ajá mi dà?" Mo wólẹ̀ lórí eékún mi, mo gbé fóònù sí etí tó wà lókè yẹn.

"Sájẹ́ǹtì. Ó dọwọ́ mi."

Ajá dìde. Ó na ara síwájú, ó nà á sẹ́yìn, ó rìn lọ síbi omi rẹ̀, ó sì mu ún títí abọ́ fi gbẹ. Mo sunkún bí ọmọdé lórí ilẹ̀ alágbàfọ̀. Àbúrò mi gba fóònù, ó ní ẹsẹ̀ méjèèjì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ti kà wọ́n.

A lọ rí Bàbá, a padà, ilẹ̀ ń ṣú. Alágbàfọ̀ tan iná nísàlẹ̀, iná títì tàn, iná ilé ìwòsàn tàn ní fèrèsé fèrèsé. Mò ń dúró kí Sájẹ́ǹtì dìde. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti na kalẹ̀. Kò mira.

Ọkọ mi dúró díẹ̀. Ó wá lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ tì í wò. Ó wà ní títì.